Ìmọ̀ràn Ìyá Àgbà Ìpáò

Ọláṣùmbọ̀ ń fi ọwọ́ kan tú kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní nínú àgbàlá wọn ní Ìpáò, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Bàbá rẹ̀, Ògúntádé, ti lọ sóko. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń bá ẹ̀gbọ́n Ṣùmbọ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò bi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí pé kí ló ń tẹ̀ tó fi ń dá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, àfi Máyọ̀wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, tó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Kí ni wọ́n tún wí?" Máyọ̀wá béèrè.

"Ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló kọ̀wé. Ó ní òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi, ìyàwó òun ti ń bá òun sọ̀rọ̀."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn adìẹ tó fẹ́ wá ṣa kòkó jẹ sá lọ.

Ojú ìwé kan wà lórí Fesibúùkù tí wọ́n ń pè ní "Ẹ Gbà Wá Nímọ̀ràn". Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá jóná á béèrè níbẹ̀, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fìyà jẹ níbi iṣẹ́ náà á béèrè. Àwọn òǹkàwé á wá dá sí i, oníkálukú pẹ̀lú èrò tirẹ̀. Ṣùmbọ̀ náà wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ ibẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Àgbà Ìpáò ló pe ara rẹ̀. Ó wá fọ́tò arúgbó kan tó wé gèlè, tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò sì mọ ìlú tó ti wá, ó fi ṣe ojú ara rẹ̀. Eré ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n béèrè bí a ṣe ń mú kíkorò kúrò lára ewúro, ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe, àwọn èèyàn sì dúpẹ́. Wọ́n béèrè bí iṣu kò ṣe ní tètè bàjẹ́, ó tún mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ìbéèrè kọjá ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dúró. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùmbọ̀ ti mọ òwe yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò kàn rò pé òun ni wọ́n ń bá wí ni.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìbéèrè kan jáde. Ẹni tó kọ ọ́ fi orúkọ pamọ́. Ó ní: "Ẹ má bínú, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ orúkọ mi. Ìdun ti gba yàrá tí mò ń gbé. Wọ́n ń jẹ ọmọ mi, kì í sùn. Ẹ gbà mí o."

Àwọn kan ní kó sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, kó da omi gbígbóná sí i. Àwọn kan ní kó pe àwọn tó mọṣẹ́ náà. Àwọn kan tí wọn kò ní ìmọ̀ràn kankan ń bú u, wọ́n ń pè é ní ọ̀bùn, wọ́n ní abiyamọ wo ló ń bá ìdun gbélé.

Inú bí Ṣùmbọ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń bú ẹni tó wá ìrànlọ́wọ́ wá? Ó rántí pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ìdun wọ ilé tiwọn náà. Bàbá òun po oògùn kòkó tó ṣẹ́kù, ó fọ́n ọn sínú yàrá, ìdun sì tán pátá. Ohun tó rántí kò ju ìyẹn lọ.

"Tètè kọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó kọ ọ́," Máyọ̀wá sọ, ó ti na ọrùn sí fóònù. "Èyí á gba láìkì o! Má sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣiyèméjì. Ìyá àgbà kì í sọ pé bóyá."

Ṣùmbọ̀ kọ ọ́: "Ọmọ mi, má dá wọn lóhùn. Wá oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò ara kòkó. Fọ́n ọn sí bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ti fèrèsé àti ìlẹ̀kùn pa kí agbára rẹ̀ má baà jáde. Tó bá ti gbẹ, ẹ wọlé sùn. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

Kí wọ́n tó tú kòkó náà tán, láìkì ti ń ya wọlé bí èèrà tó rí ṣúgà.

Ní ọjọ́ Sátidé, Àǹtí Kíkẹ́ yà sílé wọn. Àbúrò ìyá Ṣùmbọ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì ní Ìkọ̀lé. Yàrá kan ló háyà níbẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìmọ́lẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Emmanuel, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ṣùmbọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rí i, ó na ọwọ́, ó ń pè é ní "Ṣùbọ̀, Ṣùbọ̀". Àmì pupa wà káàkiri apá ọmọ náà.

"Ẹ̀fọn Ìkọ̀lé ò mà mọ ọmọ ọlọ́mọ o," Ṣùmbọ̀ sọ.

Àǹtí Kíkẹ́ fa apá aṣọ ọmọ náà wálẹ̀. Ó wò yíká, ó ní, "Ṣé bàbá yín wà nílé?"

"Wọ́n ti lọ sóko, mà."

"Ó dáa. Jọ̀ọ́, bù díẹ̀ fún mi nínú oògùn kòkó wọn. Èèrà ló ń dà mí láàmú nínú yàrá. Má wulẹ̀ sọ fún wọn, wọ́n á ní kí n máa gbálẹ̀."

Òkè àjà ilé ìdáná ni Ògúntádé máa ń gbé agolo oògùn yẹn sí, ó sì ti kì í nílọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ṣùmbọ̀ mọ èyí. Ṣùgbọ́n Àǹtí Kíkẹ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni, Àǹtí Kíkẹ́ ni. Ó gun àpótí, ó gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì da díẹ̀ sínú ìgò ike tí wọ́n fi mu mínírà. Òórùn rẹ̀ gún un nímú. Àǹtí Kíkẹ́ fi ọ̀rá wé ìgò náà, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó fi orúkọ pamọ́ tún kọ̀wé: "Ìyá Àgbà, ẹ ṣé o. Mo ti rí oògùn náà, mo ti fọ́n ọn, mo ti ti gbogbo fèrèsé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

"Àmín, ọmọ mi," ni Ṣùmbọ̀ fi dá a lóhùn, ó sì lọ bu oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni fóònù Ògúntádé dún. Samson ló pè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì, tí òun àti Àǹtí Kíkẹ́ jọ ń gbé ilé kan náà. Ògúntádé gbé fóònù sétí, kò sì sọ ju "Hẹ̀n? Hẹ̀n?" lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí pèpéle bí ẹni tí wọ́n tì.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kíkẹ́ ni. Àt'òun àt'ọmọ rẹ̀. Wọn kò jáde láàárọ̀, ni wọ́n bá já ulẹ̀kùn. Wọ́n ń bì, itọ́ ń hó lẹ́nu wọn, ara wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Kíkẹ́ kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò tíì la ojú rárá." Ó dìde, ó tún jókòó. "Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín ni wọ́n jẹ lálẹ́ àná, èyí tí obìnrin kan ń tà níwájú ulé wọn. Dókítà ṣì ń wá ohun tó ṣe wọ́n. Jẹ́ n lọ wo epo inú ọ̀kadà mi."

Ṣùmbọ̀ dúró síbi tó wà. Ó rántí àmì pupa apá Ìmọ́lẹ̀. Ó rántí ìgò ike tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ó rántí "mo ti ti gbogbo fèrèsé". Gbogbo rẹ̀ já lu ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe èèrà. Kò sí èèrà kankan rárá. Ẹni tó fi orúkọ pamọ́, Àǹtí Kíkẹ́ ni.

Ó sá lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Ó wá ìmọ̀ràn tó kọ, ó pa á rẹ́. Ó pa "Àmín, ọmọ mi" rẹ́. Ó pa Ìyá Àgbà Ìpáò fúnra rẹ̀ rẹ́, tòun ti gèlè. Ó rò pé ẹ̀rù yóò dín kù lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni Máyọ̀wá bá a. Ó na fóònù tirẹ̀ sí i. "Ṣé o ti rí èyí?"

Ẹnì kan ti gbé fọ́tò obìnrin kan sí ojú ìwé "Ẹ Gbà Wá Nímọ̀ràn". Obìnrin náà di ìbòrí, ó ń sunkún níwájú ìkòkò mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti dà nù. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá Fádèyí nìyí, apànìyàn tó fi májèlé sínú mọ́ínmọ́ín ní Ìkọ̀lé." Ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé sì tẹ̀lé e gbọọrọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n nà án títí yóò fi jẹ́wọ́. Ẹnì kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ní kí ni wọ́n ń dúró dè tí wọn kò tíì dáná sun ún.

"Kì í ṣe òun," Ṣùmbọ̀ sọ. "Máyọ̀wá, Àǹtí Kíkẹ́ ni. Òun ló béèrè nípa ìdun. Èmi ni mo fún un ní oògùn náà."

Máyọ̀wá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ta ló mọ̀? Ṣé o ti pa á rẹ́?"

"Mo ti pa á rẹ́."

"Ó ti tán nìyẹn. Gbẹ́nu dákẹ́. Wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é. Tí o bá sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ni o! Èmi ò sì sí níbẹ̀ o, Ṣùmbọ̀. Má dárúkọ mi." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fẹ̀yìn rìn, kò sì pẹ́ tó fi wọ ọ̀nà ilé wọn.

Ẹ̀rù ba Ṣùmbọ̀. Ó rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó rí ojú ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló pa àbúrò rẹ̀. Ká ní òun dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Ìgò ike kò ní orúkọ lára, Àǹtí Kíkẹ́ kò lè sọ̀rọ̀. Ìgbà tó dé ibi yìí nínú èrò rẹ̀ ni nǹkan mìíràn wá kọlù ú. Bí Àǹtí Kíkẹ́ kò bá lè sọ̀rọ̀, tí òun náà sì dákẹ́, ta ni yóò sọ fún dókítà? Mọ́ínmọ́ín ni wọn yóò máa tọ́jú títí ọmọ náà yóò fi kú.

Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ta ọ̀kadà níwájú ilé. Ó sáré. Ó ń ké "Bàbá! Bàbá!" kó tó yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó dúró síwájú ọ̀kadà náà, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

"Kì í ṣe mọ́ínmọ́ín, Bàbá. Oògùn kòkó yín ni. Èmi ni mo bù ú fún Àǹtí Kíkẹ́. Èmi náà ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fọ́n ọn síbi tí wọ́n ń sùn, kí wọ́n sì ti fèrèsé. Lórí fóònù ni. Mi ò mọ̀ pé àwọn ni."

Ògúntádé pa ọ̀kadà. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbédè tó ń sọ. Ṣùmbọ̀ ń retí ìgbátí, ìgbátí ì bá sì tù ú lára. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọ̀rá wé e. Ó pe Samson, Samson gbé fóònù fún nọ́ọ̀sì kan, nọ́ọ̀sì náà sì ní kó sọ orúkọ oògùn.

"Ìwé ara rẹ̀ ti ya, mà. Ìdajì orúkọ ló kù."

"Ẹ gbé e bọ̀ kíákíá, sà. Oríṣiríṣi ni wọ́n, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án."

"Gun ẹ̀yìn," Ògúntádé sọ fún Ṣùmbọ̀. "Ùwọ lo máa sọ ọ́ létí wọn."

Bí wọ́n ti ń sá lọ lójú ọ̀nà Ìtàpàjí, atẹ́gùn ń gbá omijé Ṣùmbọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ti jìnnà kí bàbá rẹ̀ tó pariwo gba inú atẹ́gùn:

"Ọdún tí mo fọ́n oògùn yẹn sí ulé wa, ta ló sọ fún ọ pé a sùn níbẹ̀?"

Ṣùmbọ̀ di ẹ̀yìn aṣọ bàbá rẹ̀ mú.

"Ulé bàbá mi àgbà la kó lọ! A pẹ́ níbẹ̀. Mo jó bẹ́ẹ̀dì yẹn níná. Síbẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ bì fún odidi ọjọ́ kan nígbà tí a padà wọlé, ìyá rẹ sì bú mi bí ẹni bú olè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé e sí òkè àjà. Ọmọdé lo wà, kò sì yé ọ. Kí ló dé tí o kò bi mí, Ṣùmbọ̀? Ulé kan náà la jọ ń gbé!"

Bí wọ́n ti dé ọsibítù, dókítà kan tó jẹ́ obìnrin pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gba agolo náà, ó ka ohun tó kù lára rẹ̀. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe lò ó?"

Ògúntádé wo Ṣùmbọ̀. Àwọn tó wà lórí ìjókòó, àwọn ará ilé Àǹtí Kíkẹ́, gbogbo wọn náà wo Ṣùmbọ̀.

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ́n ọn sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n sì sùn sí i láti àná di àárọ̀ yìí. Wọn kò mu ún. Inú yàrá náà ni wọ́n ti ń fà á símú."

"Aṣọ tí wọ́n fi sùn náà ló ṣì wà lára ọmọ yìí!" dókítà náà ké sí àwọn nọ́ọ̀sì. "Ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ wọ́n látòkè délẹ̀. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun májèlé yìí wá." Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn wọn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ṣùmbọ̀, kò tíì rí ìrọ̀lẹ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ló ń dìde. Ó ń tẹ́tí sí ohùn ọmọdé, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí Ìmọ́lẹ̀ sunkún lásán, ẹkún lásán, òun kò ní béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó gbọ́ ọ, ẹkún tín-ínrín kan tó já, tó tún bẹ̀rẹ̀. Ògúntádé ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ṣùmbọ̀ na ara sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbà á láyè láti wọlé rí Àǹtí Kíkẹ́. Ojú rẹ̀ ti wọlé, ohùn rẹ̀ kò sì ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ.

"Ṣé ìwọ ni Ìyá Àgbà?" ó béèrè.

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ dárí jì mí."

"Ojú ń tì mí láti sọ fún yín nílé pé ìdun wọ yàrá mi. Mo rò pé ẹ ó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀, mo gbà á gbọ́ nítorí gèlè orí rẹ̀." Ó wo Ṣùmbọ̀ lójú. "Kí o tó kọ ọ́, ṣé o rò pé èèyàn ni mí?"

Àǹtí Kíkẹ́ yí ojú sí ògiri, kò sì yí i padà mọ́ títí wọ́n fi ní kí àlejò jáde.

Láti ibẹ̀, ilé Ìyá Fádèyí ni Ògúntádé mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ojú kan obìnrin náà ti wú, wọ́n sì ti fọ́ ìkòkò rẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀. Ìyá Fádèyí ní òun ti gbọ́. Ó ní òun dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ra mọ́ínmọ́ín òun láàárọ̀ yẹn, àwọn tó pe òun ní apànìyàn kò sì tíì padà wá sọ pé àwọn ṣì í pè.

Nígbà tí wọ́n délé ni Ṣùmbọ̀ tún ṣí fóònù rẹ̀. Ó rò pé ohun tó pa rẹ́ ti lọ. Kò lọ. Àwọn èèyàn ti ya ìmọ̀ràn Ìyá Àgbà Ìpáò ní fọ́tò, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, láti ẹgbẹ́ kan sí ẹgbẹ́ kan. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ sókè rẹ̀ pé: "Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo abiyamọ tí ẹ mọ̀." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rù tó ba Ṣùmbọ̀ nígbà yìí ju ti àná lọ, nítorí ó mọ Àǹtí Kíkẹ́, ó sì mọ ibi tí yóò ti rí i. Kò mọ àwọn wọ̀nyí.

"Kí ni mo lè ṣe, Bàbá?"

"Ẹnu tó sọ èkínní náà ni kó sọ èkejì," Ògúntádé dáhùn. "Ṣùgbọ́n fi orúkọ rẹ sọ ọ́."

Ṣùmbọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ wọ "Ẹ Gbà Wá Nímọ̀ràn" padà, ó lo fọ́tò ara rẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́ pé: "Orúkọ mi ni Ọláṣùmbọ̀ Ògúntádé. Ọmọ ilé ìwé ni mí, èmi kì í ṣe ìyá àgbà. Èmi ni mo kọ ìmọ̀ràn oògùn kòkó yẹn. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò ìyá mi àti ọmọ rẹ̀. Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti fọ́n ọn, ẹ jáde nínú yàrá náà, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ lọ sí ọsibítù."

Èébú bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n pè é ní àjẹ́ kékeré, wọ́n pè é ní ọmọ àlè. Ọkùnrin tó wà ní Kánádà ní kí ilẹ̀ mu ìdọ̀bálẹ̀ tí òun ṣe. Ṣùmbọ̀ ń ka gbogbo rẹ̀, kò pa ọ̀kankan rẹ́.

Láàárín èébú náà ni ọ̀rọ̀ kan jáde láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí. "Tiwátọ́pẹ́ ni orúkọ mi, Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni mò ń gbé. Nínú ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti rí ìmọ̀ràn yẹn. Mo ti fọ́n ọn lónìí, mo ti ti ilé pa. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ sùn ni."

Ṣùmbọ̀ figbe ta. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé. Ìka rẹ̀ ń ṣi lẹ́tà tẹ̀ bó ti ń kọ ọ́: "Ẹ kó wọn jáde! Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kó wọn jáde báyìí!"

Bàbá àti ọmọ tẹjú mọ́ fóònù náà. Kò sí èsì. Ṣùmbọ̀ ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mí. Èébú mìíràn wọlé, wọn kò kà á.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, èsì dé. "Wọ́n ti wà níta. Àbíkẹ́yìn ń ní orí ń fọ́ òun. A ti ń lọ sí ọsibítù. Ọmọ mi, o ṣé tí o sọ òtítọ́."

Ṣùmbọ̀ gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì fi orí lé èjìká bàbá rẹ̀. Kò mọ iye ilé mìíràn tí fèrèsé wọn ṣì wà ní títì. Ohun tó mọ̀ ni èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n: ẹni tí kò bá mọ nǹkan, kó sọ pé òun kò mọ̀. Orúkọ tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lè jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n èèyàn gidi ló ń gbọ́ ọ, inú yàrá gidi ló sì ń sùn.